Ẹni Tó Ń Dáhùn ní Ìlà Ọgọ́fà

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn níbi iṣẹ́ ni Ṣé-Ó-Dá-Ẹ-Lójú. Wọn kì í pè é níṣojú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é, mo mọ ọjọ́ tó pè é, mo sì mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Kò dùn mí. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kó máa wádìí ọ̀rọ̀, tí kò bá wádìí ọ̀rọ̀, kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Nínú ilé pàápàá, ọkọ mi máa ń sọ pé tí òun bá kí mi kú àárọ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé wò ná kí n tó dáhùn.

Ibi iṣẹ́ wa kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ran èèyàn lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò nìyẹn. Ọ̀nà là ń júwe lórí fóònù. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣarán, tí kò rí ẹni tó máa jókòó tì í lọ́sàn-án, á pè wá, a ó sọ ibi tó máa lọ fún un. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lù jáde, tó ń wá ibi tó máa forí pamọ́ sí, á pè wá. Ẹni tí ìjọba kọ lẹ́tà sí, tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, á pè wá. Tábìlì mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà. Èèyàn mẹ́rin ló ń gbé fóònù, ọ̀gá wa jókòó sẹ́yìn gíláàsì, èmi wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, èmi àti ìwé àkójọ.

Ìwé àkójọ ni ẹ̀mí ibi iṣẹ́ wa. Gbogbo ẹgbẹ́, ilé ìtọ́jú àti ilé ààbò tí a lè júwe fún èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ó lé ní irinwó ìlà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo máa ń pe gbogbo wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà. Màá ka ohun tó wà nínú ìwé sí wọn létí, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, màá fàmì sí i, màá bọ́ sí òmíràn. Mo lè pe ogójì lóòjọ́. Kò sẹ́ni tó tíì pe tó bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ tí àyè bá ṣí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan báyìí, Ohùn Oyin lọ jẹun. Ohùn Oyin ni ọkùnrin tó ń jókòó ní tábìlì kejì. Irùngbọ̀n rẹ̀ kì í rí abẹ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rí áyọ̀n, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tó ń sunkún á gbàgbé ohun tó ń sunkún sí. Fóònù rẹ̀ dún títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ni mo bá nawọ́ gbé e.

"Ẹ káàsán o," ohùn bàbá àgbàlagbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀. "Awakọ̀ rélùwéè ni mí nígbà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já fóònù mọ́ mi létí, torí ó pẹ́ kí n tó rí nọ́ńbà yìí tẹ̀."

"Mi ò ní já a, Bàbá. Kí la lè júwe fún yín?"

"Ojú mi ọ̀tún ti lọ pátápátá. Ti òsì, dókítà ní àwọn lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, Ọjọ́bọ̀ yìí sì ni. Àmọ́ wọ́n ní àfi tí mo bá mú èèyàn dání, tó máa fọwọ́ síwèé, tó sì máa mú mi padà sílé. Tí mi ò bá rẹ́ni, wọ́n á fi ẹlòmíì sí àyè mi, tèmi á di ọdún tó ń bọ̀. Dókítà yẹn ò sì fi bò fún mi. Ó ní ojú náà ò ní dúró dè mí di ọdún tó ń bọ̀."

Mo bi í bóyá kò lọ́mọ. Ó ní òun ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n òkun wà láàárín àwọn, àti pé wọn ò lè yọ̀ǹda ọmọ náà níbi iṣẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Kò ráhùn. Bí ẹni tó ń ka àkókò ọkọ̀ ojú irin ló ṣe sọ ọ́. Mo ṣí ìwé àkójọ, ojú mi lọ sí ìlà ọgọ́fà: Ẹgbẹ́ Alábẹ̀wò. Wọ́n máa ń bẹ àwọn àgbà tó ń dá gbé wò, wọ́n máa ń ka lẹ́tà fún àwọn tí kò ríran, wọ́n sì máa ń báni lọ sílé ìwòsàn. Mo ka nọ́ńbà wọn fún Bàbá Rélùwéè lẹ́ẹ̀mẹta títí tó fi mọ̀ ọ́n sórí. Inú mi dùn sí ara mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tún pè, ó ní èmi lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

"Mo ní kí n dúpẹ́ ni. Ìyá kan ti wá. Ó fọ abọ́ mi, ó wá ẹsẹ̀ bàtà mi kan tó ti sọnù láti ọjọ́ yìí, ó ní òun á mú mi lọ l'Ọ́jọ́bọ̀. Mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

"Kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó ní kí n má máa dìde wá ṣílẹ̀kùn mọ́, kí n má baà ṣubú."

"Bàbá, ìgbà wo lẹ mọ obìnrin yìí?"

"Àná," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ara fu mí. Bàbá tí kò ríran, tó ń dá gbé, tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ó fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé ẹni àná lọ́wọ́, èmi ni mo sì júwe ẹni náà fún un. Tí nǹkan bá sọnù nílé yẹn, tàbí tí obìnrin náà bá palẹ̀ mọ́ tó lọ, tí Ọjọ́bọ̀ sì dé tí bàbá ń retí ẹni tí kò wá, ọwọ́ mi ló ti wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a bá júwe ibì kan fún èèyàn, a máa ń pè é padà láti bi í bóyá ó rí ohun tó wá lọ. Èsì wọn wà nínú fáìlì. Mo fa ti ìlà ọgọ́fà jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ aráyé fún yín: kò síbi tí a júwe fún wọn tí wọn kì í ṣàròyé. Tí ibẹ̀ bá dára, wọ́n á ní ó jìnnà. Tí kò bá jìnnà, wọ́n á ní ẹni tó ṣílẹ̀kùn ò kí àwọn dáadáa. Obìnrin kan ti bá wa jà rí pé àga ibi tí a júwe fún òun le jù. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́rin, èèyàn mọ́kànlélógójì la ti darí sí ìlà ọgọ́fà, ẹyọ ẹnì kan ò sì ṣàròyé. Gbogbo wọn ní ó dáa, ó dáa gan-an, Ọlọ́run á san án fún wọn. Kò sí ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan. Nígbàkúùgbà tí mo bá pe nọ́ńbà náà, ohùn obìnrin kan náà ló ń dáhùn. Ẹgbẹ́ wo ló jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ní ń gbé fóònù wọn fún ọdún mẹ́rin? Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ kan tó ń sáré kẹ̀kẹ̀kẹ̀, á dúró tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á tún gbéra kí n tó sọ pé ó dàbọ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́rin, mi ò sì bi ara mi léèrè rí pé ẹ̀rọ kí ni. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Mo pe mẹ́ta lára àwọn mọ́kànlélógójì náà. Ọ̀kan, obìnrin opó, ní ẹni tó ń wá wo òun sàn ju ọmọ òun lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ rẹ̀ fún mi. Ìkejì, bàbá kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ní, "Ó ní tí ẹ bá pè, kí n má yin òun jù." Mo bi í pé kí ló dé. Kò mọ̀. Ìkẹta kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ má da ìyá yẹn láàmú o," ó ní, ó sì já fóònù. Mo gbé tèmi sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹni tí kò níwà ìkọ̀kọ̀, kí ló kàn án tí wọ́n bá yìn ín jù?

Nídìí oúnjẹ nírọ̀lẹ́, mo rò ó fún ọkọ mi.

"Àbí èèyàn rere ni?" ó ní.

"Èèyàn rere tó ń sá fún ìyìn?"

"Wọ́n wà."

"O ti rí ọ̀kan rí?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Rárá, mi ò tíì rí i nílé yìí," ó sì bu omi mu.

Ní Ọjọ́rú, mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Mo fa fọ́ọ̀mù tí Ẹgbẹ́ Alábẹ̀wò fúnra wọn kọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn yọ nínú fáìlì, mo tẹ̀ ẹ́ sínú báàgì bóyá ọlọ́pàá á béèrè rẹ̀, mo sì kọrí sí àdírẹ́sì wọn. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe táyà nígbà kan. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo bọ́ sínú, agolo ọ̀dà ni mo bá, láti ilẹ̀ títí kan àjà. Ọkùnrin tó ń ta ọ̀dà náà nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò, ó ní irú àwọ̀ wo ni mo fẹ́.

"Ẹgbẹ́ Alábẹ̀wò ni mò ń wá."

"Áà, àwọn màmá yẹn. Wọ́n ti túká, ó ti tó ọdún méjì. Obìnrin mẹ́fà ni wọ́n, pẹ̀lú bàbá kan. Òkè ibí yìí lèmi wà nígbà yẹn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n á dé, wọ́n á jókòó yí fóònù ká lórí tábìlì. Wọ́n ní iléeṣẹ́ kan ṣèlérí pé àwọn á máa darí èèyàn sí wọn. Wọ́n retí títí, ẹnikẹ́ni ò pè. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó jọ pé kò sẹ́ni tó nílò àwọn. Ìyá tó ṣe olórí wọn ṣì ń gbé ní igun ibẹ̀ yẹn."

Orí mi wú. Ẹgbẹ́ ti túká, síbẹ̀ ẹnì kan ń jẹ́ orúkọ wọn lórí fóònù. Ẹnì kan jí nọ́ńbà wọn, ó jókòó sídìí rẹ̀, ó ń gba kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn àgbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn méje wọ̀nyẹn ń retí, ẹni yìí ń kórè. Mi ò tilẹ̀ kí ọkùnrin ọlọ́dà pé ó dàbọ̀.

Mo ti gba àdírẹ́sì Bàbá Rélùwéè lórí fóònù; àjà kejì ló ń gbé. Mo gun àtẹ̀gùn náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ilẹ̀kùn ò tì. Mo wọlé láìkànkùn, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi.

Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ga, ó tín-ín-rín, ó kọjú síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan wà lórí tábìlì. Mo kà wọ́n kí n tó kí ẹnikẹ́ni: mọ́kànlá. Wọ́n so gígé aṣọ kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan olódòdó, ọ̀kan onílà.

"Ilé mọ́kànlá," mo ní. "Ṣé ẹ ti kó gbogbo wọn tán ni, àbí ó ku díẹ̀?"

Obìnrin náà dìde. Kò sá. "Ẹ káàsán, mà," ó ní. Ó wò mí díẹ̀. "Ẹ̀yin nìyí. Mo mọ ohùn yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń pè mí ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta."

"Ẹgbẹ́ Alábẹ̀wò ni mò ń pè. Wọ́n ti túká. Báwo ni nọ́ńbà wọn ṣe dọ́wọ́ yín?"

"Nọ́ńbà mi ni, mà."

"Nọ́ńbà wọn ni. Ìwé wọn wà lọ́wọ́ mi."

"Aránṣọ ni mí. Kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń lò ó. Ó wà lára pátákó mi níta, ẹ lè wá wò ó."

Ẹ̀rọ ìránṣọ. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ yẹn. Mo fa fọ́ọ̀mù náà yọ nínú báàgì bí ẹni fa ọ̀bẹ yọ. "Bàbá," mo ní, "nọ́ńbà tí mo kà fún yín lọ́jọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kó gbọ́."

Bàbá Rélùwéè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kan ìka rẹ̀ mọ́ apá àga bó ṣe ń kà á. Ojú mi wà lórí fọ́ọ̀mù, mò ń bá a lọ. Ó parí rẹ̀: "Mẹ́rin, mẹ́fà."

Ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù ni mẹ́fà, mẹ́rin.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mẹ́rin, mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mò ń wo fọ́ọ̀mù yìí kan náà. Mo jókòó sórí ibùsùn bàbá láìtọrọ àyè. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Mo ṣì rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Mò ń pè yín," mo ní. "Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Mò ń bi yín pé ṣé Ẹgbẹ́ Alábẹ̀wò nìyẹn, ẹ̀ ń ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ kì í bi mí, mà. Ẹ máa ń kà á ni." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹ á ní, 'Ẹgbẹ́ Alábẹ̀wò, ẹ̀ ń bẹ àwọn àgbà wò, ẹ̀ ń ka lẹ́tà, ẹ̀ ń báni lọ sílé ìwòsàn, Ajé sí Ẹtì, kò sí ìyípadà, àbí?' Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ sọ pé rárá. Ẹ ò mí síbẹ̀. Mo ní 'hẹn', kí n tó sọ ìyókù ẹ ti ní ẹ ṣeun, ẹ ti já a. Nígbà tí ẹ fi máa pè lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ kà. Kí ni mo tún fẹ́ ní rárá sí?"

Bàbá Rélùwéè rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo bi í bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá àgbà kan ló pe òun, tó ní, "Wọ́n ní ẹ máa wá ka lẹ́tà mi fún mi. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tó ti wà lọ́wọ́ mi." Ó fẹ́ sọ fún un pé ó ti pe nọ́ńbà tí kì í ṣe. Ló bá bi í pé níbo ló ń gbé, òpópó kẹta sí ṣọ́ọ̀bù ni. Ó ní òun ò tilẹ̀ bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn tí òun fi lọ. Lẹ́tà náà, ọmọ ìyá yẹn ló kọ ọ́, pé òun ti bímọ. Ìyá náà ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì pè.

"Kí ló wá dé tí ẹ ní kí wọ́n má yìn yín jù?"

"Kí ẹ má baà wá wò mí ni," ó ní. "Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá wò mí, ẹ máa yọ mí. Tí ẹ bá sì yọ mí, ta lẹ fẹ́ rán sí wọn?"

Mo wo yàrá náà yíká. Nǹkan bàbá wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Síbẹ̀ mi ò lè pa ẹnu mi mọ́. "Kò sí ohun tí ẹ tíì mú rí nílé ẹnikẹ́ni?"

"Kí ló fẹ́ mú níbí?" Bàbá Rélùwéè ló dáhùn. "Ojú mi?" Lẹ́yìn náà ó kọjú síbi tí ohùn mi wà, ó sì béèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ìgbà tí mo ti wọlé. "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ wá yìí, ṣé ọ̀la mi ṣì wà?"

Mo ní ó wà. Mi ò mọ bó ṣe máa wà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Bí mo ṣe ń padà síbi iṣẹ́, èrò kan ń tẹ̀ lé mi. Ẹgbẹ́ ti túká. Tí mo bá yọ ìlà ọgọ́fà, tí mo kọ "wọ́n ti túká" sí i, òótọ́ ni mo kọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo kọ nọ́ńbà gbòdì, tàbí pé àwọn méje jókòó yí fóònù ká fún ọdún méjì nítorí mi. Èmi ni mò ń wádìí gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni kì í wádìí mi. Mo dúró létí títì, mo rò ó dáadáa, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n tí ìlà náà bá lọ, aránṣọ lọ. Mo wọlé lọ bá ọ̀gá wa lẹ́yìn gíláàsì, mo gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀, mo gbé ìwé àkójọ tì í, mo sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó gbọ́ ọ tán.

"Èèyàn mọ́kànlélógójì," ó ní. "Ẹ darí wọn sọ́dọ̀ ẹni tí a ò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ yọ ìlà náà lónìí. Kí ẹ sì kọ̀wé sí gbogbo àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbà á padà."

"Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe ojú bàbá yẹn. Àwọn tó kù nínú ìwé tó ń báni lọ sílé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó dáhùn. Ilé ìwòsàn ò ní gbà á láìjẹ́ pé ó mú èèyàn dání."

"Ẹnì kan kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ mọ òfin. Ẹ̀yin náà lẹ kọ apá kan nínú rẹ̀."

Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ ọ́. "Ẹni mélòó ló ń jẹ́ ẹgbẹ́?" mo bi í.

"Méjì, ó kéré tán. Kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí a mọ̀."

"Èmi ni màá ṣe ìkejì. Ẹ mọ̀ mí."

Ó wò mí títí. "Títí di àná, mo rò bẹ́ẹ̀," ó ní. Ó fa ìwé àkójọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó pe Ohùn Oyin wọlé, ó gbé e lé e lọ́wọ́ níṣojú mi. Ó ní kí n padà sídìí fóònù láti ọjọ́ Ajé. Nípa ti ìlà náà àti kọ́kọ́rọ́, ó ní kí wọ́n dúró títí ẹni tuntun tó ń tọ́jú ìwé fi máa wádìí ìlà ọgọ́fà, kì í ṣe èmi. Ó dùn mí, kí n má purọ́. Kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi yẹn, ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwa mẹ́ta la lọ. Aránṣọ di Bàbá Rélùwéè lọ́wọ́ ọ̀tún, mo dì í lọ́wọ́ òsì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ní bọ́tìnnì tuntun. Níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ síwèé, nọ́ọ̀sì ní kí a kọ nọ́ńbà fóònù. Aránṣọ kọ tirẹ̀. Èmi náà kọ tèmi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, nọ́ọ̀sì sì ní ṣé nǹkan ń ṣe mí ni. Wọ́n mú bàbá wọlé, ilẹ̀kùn sì tì. Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan. Mò ń wo báàgì rẹ̀, mo rí i pé ó mọ̀ pé mò ń wò ó, ló bá ṣí i fún mi: ìdì kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́, òwú, ẹsẹ̀ bàtà bàbá tó nílò rírán. Mo ní kó máa bínú. Ó ní kò burú, òun náà á wo báàgì mi nígbà tó bá yá.

Fóònù mi dún. Ohùn Oyin ni, pẹ̀lú ohùn tó ń fi bá àwọn tó ń sunkún sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Láti ibi iṣẹ́ ni, lórí ìlà ọgọ́fà. Mo fẹ́ kàn wádìí ni. Ẹgbẹ́ Alábẹ̀wò, ẹ̀ ń bẹ àwọn àgbà wò, ẹ̀ ń ka lẹ́tà..."

"Dúró," mo ní. "Má kà á fún mi. Bi mí."

Mo gbọ́ tó tẹ́ ìwé sílẹ̀. "Ó dáa, mà. Ta ni yín?"

Ó rọrùn láti béèrè, mi ò mọ̀ pé ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti dáhùn. "Aránṣọ kan ni, àti ẹni tó kọ nọ́ńbà gbòdì."

"Kí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́?"

"A jókòó níta ilẹ̀kùn kan nílé ìwòsàn. Wọ́n ń ṣe ojú bàbá kan lọ́wọ́. Tí wọ́n bá parí, àwa la máa mú un lọ sílé."

Mo gbọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bó ṣe yẹ kí n ti máa kọ ọ́. "Ẹ̀yin mélòó ni, Àǹtí?"

Mo wo aránṣọ. Ó ti fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán bàtà náà.

"Kọ méjì," mo ní. "Àwọn méje kan wà tí mo fẹ́ lọ bẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Má tíì kọ wọ́n. Tó bá di ọjọ́ Ajé, tún pè mí, kí o sì bi mí."